Bí mo ṣe sọ yàrá owó bàbá àgbà di ilé àlejò ní Iléṣà

Ìwúde Ìjẹ̀ṣà, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lóṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti ń wọlé láti Èkó àti òkè òkun, ilé wa ní Òkèsà kì í gba èrò mọ́. Lọ́dún kan, orí àga pálọ̀ ni àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀.

Yàrá owó là ń pè é. Bàbá àgbà ra kòkó fún Kòkó Bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, títí ìjọba fi tú u ká ní 1986, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú owó àwọn àgbẹ̀ sí. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ínṣì 18, dẹ́kìn ló wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo, kò ní fèrèsé. Gbogbo inú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. Lọ́jọ́ tí mo wọ bọ́ńkà Ojukwu ní Umuahia, ibi ìsádi ogun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó ti di ara ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun, yàrá yìí ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo sì ti kà pé ní Albáníà, níbi tí ìjọba Enver Hoxha kọ́ bọ́ńkà sí lọ súà, àwọn kan ti sọ tiwọn di ibi tí àlejò ń sùn. Bí bọ́ńkà ológun bá ṣe é sùn, yàrá owó náà á ṣe é sùn.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí ilé ẹbí ni. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí. "Yàrá tí eku ò rí ọ̀nà wọ̀ yẹn? Afẹ́fẹ́ ńkọ́, ọmọ mi?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí n kò tíì ronú kan afẹ́fẹ́ rárá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbá inú rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi péńtì ọ́ìlì tó ń dán kun ún, mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì wọlé, mo sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìka tọ́ ògiri, omi ṣàn tẹ̀lé e bí ara àmù. Òjò kò sì rọ̀. Èémí mi ni. Ooru ẹnu ènìyàn a máa gbé omi dání. Tó bá kan ògiri tútù, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, á di ìrì síbẹ̀. Ìrọ̀rí mi ti ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù.

Bàbá bíríkìlà kan láti Ìjòka ló yọ mí. Wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri náà káàkiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n máa lu ògiri yìí ṣáá o. Òun ló gbé dẹ́kìn dúró." Wọ́n kọ́kọ́ fi igi ti dẹ́kìn lábẹ́. Wọ́n gbẹ́ ibi tí líńtẹ́ẹ̀lì, kọnkéré tó máa gbé ògiri dúró lórí fèrèsé, máa wà láti òde, ìdajì nínípọn ògiri péré, wọ́n to irin sí i, wọ́n da kọnkéré, a ń wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣe ìdajì tó kù láti inú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ le tán ni wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ òkúta tó kẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ òòrùn bọ́ sórí ilẹ̀ yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, omijé sì bọ́ lójú mi.

Ihò méjì la dá: fèrèsé kan nísàlẹ̀ tí ènìyàn lè gbà jáde bí ewu bá dé, àti ojú afẹ́fẹ́ kékeré lókè ògiri tó kọjú sí i, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè ló ń lọ. A fi nẹ́ẹ̀tì dí àwọn méjèèjì. Mo ha péńtì náà kúrò pátápátá, mo fi ẹfun kun ògiri kó lè máa mí.

Ilẹ̀kùn ló bà mí lẹ́rù jù. Ìta nìkan ni wọ́n ti lè ṣí i; nínú, irin pẹlẹbẹ lásán, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Wẹ́dà gé àgádágodo náà jù sílẹ̀, ó sì fi ìdè tó ń ṣí láti inú sí i. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sùn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń pani. Sólà kékeré kan ló ń gbé iná àti fáànù tiwa.

Dẹ́kìn a máa mu òòrùn látàárọ̀, á wá tú u sínú yàrá lálẹ́, nítorí náà a kan páànù lé e, a fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín wọn. Bẹ́ẹ̀dì tó ní dúrọ́ọ̀ lábẹ́ àti tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri ni mo tò sínú rẹ̀, kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọdún tó dé, mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sílẹ̀ yàrá. Èmi àti Ìyá Àgbà jọ ń wo èéfín rẹ̀: ó rọra gòkè, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ojú afẹ́fẹ́ jáde. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jáde lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì sùn síbẹ̀ títí ọ̀sán fi rọlẹ̀.