Bí A Ṣe Gba Owó Kọ́fátì Wa Jáde Nínú Ìṣúná Ìpínlẹ̀

Owó ọwọ́ wa la kọ́kọ́ fi ṣe kọ́fátì àdúgbò wa, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. ₦60,000 ni onílé kọ̀ọ̀kan san. Àwọn ayálégbé náà dá tiwọn, ìyá alákàrà tó wà ní ìkángun òpópónà sì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi pé. Òjò ọdún kejì ló gbé e lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èyí tó bí mi nínú jù ni ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: lọ́dún tí à ń dáwó yẹn gan-an, owó kọ́fátì àti gọ́tà wà nínú ìṣúná ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, gómìnà ti buwọ́ lù ú, kọ́bọ̀ níbẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa pé ó wà. Mo ní n kò ní gbà.

Ẹ̀yìn Nyanya la wà, lójú ọ̀nà tó ti Abuja lọ sí Keffi. Abuja ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Nasarawa la kọ́lé sí. Mo ti rí àdúgbò tó kọ̀wé sí Mínísítà Abuja lórí títì tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìṣúná Abuja. Tiwa, Lafia ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ di òfin. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni yóò máa kàn.

Irin àti sìmẹ́ńtì ni mò ń tà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Nígbà tí kọ́fátì lọ tán, Alhaji, alága wa, ní ká tún dáwó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀. Ọmọ Ìyá Ìbàdàn tó ń bá àwọn tó ń ṣọ́ owó ìlú ṣiṣẹ́ ní Abuja ló ṣí ìwé ìṣúná náà lórí fóònù rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ wá wo owó yín.”

Pé ìwé náà tilẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ìdí. Ní 2018 ni Báǹkì Àgbáyé gbé ètò kan dìde fún àwọn ìpínlẹ̀, SFTAS lorúkọ rẹ̀, $750 mílíọ̀nù ni owó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá gbé ìṣúná rẹ̀ síta fún ará ìlú lásìkò ni wọ́n ń fún lára rẹ̀. Ètò náà ti parí, àmọ́ àwọn ìwé náà ṣì ń jáde. Ojú ìwé rẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ kó dẹ́rù bà yín. Apá kan ni owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, gbèsè àti ìnáwó ojoojúmọ́. Apá kejì ni owó iṣẹ́ àkànṣe: títì, omi, ilé ìwé, ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 23 ni iṣẹ́ àkànṣe máa ń ní. 2302 ni kíkọ́ tuntun, 2303 ni àtúnṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: kíkọ́ kọ́fátì àti gọ́tà ní onírúurú ibi káàkiri ìpínlẹ̀. Kò sí orúkọ àdúgbò kankan lára rẹ̀. Ìlà tó rí báyìí, ẹni tó bá mọ ènìyàn ló ń jẹ ẹ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀, àwòrán ibi tó wó, ìbuwọ́lùwé àwọn onílé, kíkí Mai Anguwa tó jẹ́ baálẹ̀ àdúgbò wa, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí ti mọ̀ ọ́n. A kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n gbà á, ẹnjiníà wá wọn ibẹ̀, ó sì kọ iye tí yóò ná ìjọba.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka títì àdúgbò àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. A dé ọ̀hún, àwọn náà ní inú àpò àjọní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó àwọn wà. Ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dájọ́ pé kí owó ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìbílẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n àwa ò lè jókòó máa dúró de ìdájọ́ kí omi máa wọlé wa. Èsì tí mo fún àwọn ará ìpínlẹ̀ kò gùn: ìpínlẹ̀ ló kọ ìlà yìí sínú ìṣúná ara rẹ̀, ìpínlẹ̀ ni kó ṣe é. Wọ́n gbà.

Mo rò pé a ti dé ibi tí à ń lọ. Ọ̀rọ̀ wáráǹtì, ìwé tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n tú owó sílẹ̀, ló kù tí n kò mọ̀, òun ló sì gba gbogbo ọdún 2024 lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe wá lóye rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó là á yé mi lásìkò. Pé nǹkan wà nínú ìṣúná kò sọ pé owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Àṣẹ láti ná ni ìṣúná. Owó ń wọlé lóṣooṣù, láti Abuja àti láti owó orí tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbà. Nínú owó àpapọ̀ tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín, ìdá 26.72 nínú 100 ni ti gbogbo ìpínlẹ̀ 36 pa pọ̀. Wọ́n lè ti yọ gbèsè kúrò lára ìpín ìpínlẹ̀ kan kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Tó bá dé, owó oṣù ló kọ́kọ́ ń jáde, láti 2024 sì ni owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni gbogbo iṣẹ́ àkànṣe jọ ń dù. Iléeṣẹ́ tó ni iṣẹ́ á béèrè, gómìnà á fọwọ́ sí i, wáráǹtì á jáde, owó gan-an á wá tẹ̀ lé e wọ àkáǹtì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ti ìkẹyìn yìí ní cash backing. Wáráǹtì lè jáde kí owó má jáde.

Fáìlì wa dé ọ́fíìsì kan ní Lafia, ó jókòó síbẹ̀. Ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá sanwó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Tí mo bá dé, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Lọ́jọ́ mìíràn ọ̀gá wà ní Abuja, níbi tí èmi ti ń bọ̀. “Sai hakuri,” ẹ ṣe sùúrù, ni ọmọdékùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Wọ́n ní fáìlì náà ń dúró de ìbuwọ́lùwé kan. Ìbuwọ́lùwé jáde tán, wọ́n ní iye tí ẹnjiníà kọ kò bá ọjà mu mọ́. Ẹ̀yin náà rántí: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni àpò sìmẹ́ńtì tí à ń tà ní nǹkan bíi ₦5,000 kọjá ₦10,000. Kí n sọ òótọ́, èmi tí mò ń tà á mọ̀ pé wọ́n jàre lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fi fáìlì náà pamọ́ títí ọjà fi yí padà? Wọ́n tún iye rẹ̀ kọ. Fáìlì náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tábìlì dé tábìlì.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin ni ẹnì kan nínú wọn, obìnrin kan tó káàánú mi, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́ lọ́dún yìí.” Ó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣúná ń parí. Owó iṣẹ́ àkànṣe tí wọn ò bá tíì tú sílẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, àṣẹ rẹ̀ ti kú nìyẹn, àfi kó tún wà nínú ìṣúná tuntun. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, n kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ní kí n padà wá, wọ́n mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì. Ó ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ohun tó gbà wá ni pé a ò fi gbogbo ara lé ọ́fíìsì yẹn. Láàárín ọdún ni ìjọba ti máa ń kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mú àbá ọdún tó ń bọ̀ wá. Ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni àbá náà sábà máa ń dé ilé aṣòfin, àwọn ìgbìmọ̀ ibẹ̀ á sì máa pe iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti wá ṣàlàyé. Àkókò yìí ni a mú ìdíyelé tuntun ẹnjiníà lọ bá aṣojú wa. Alhaji wọ aṣọ ńlá, Mai Anguwa tẹ̀ lé wa, àwọn ìyá ọjà náà wà níbẹ̀. A ò béèrè owó tó pọ̀. Ohun kan ṣoṣo la ní ká gbà: kí orúkọ àdúgbò wa wà lórí ìlà náà. Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí ìṣúná 2025 jáde tí mo sì rí orúkọ òpópónà wa nínú ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí, mo tẹ ojú ìwé yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wá ra irin, màá fi hàn án. Inú mi dùn dé ibi tó le.

Owó ò tún jáde. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ibi tí mò ń wò. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìròyìn jáde lórí bí ìṣúná ṣe ń lọ: iye tí wọ́n fọwọ́ sí wà lápá kan, iye tí wọ́n ti ná gan-an wà lápá kejì. Tiwa, òdo ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 de gbogbo ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, òfin náà sì fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Mo kọ̀wé béèrè ohun mẹ́ta: ibi tí wáráǹtì dé, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, àti ẹ̀dà ìwé ìdíyelé iṣẹ́. Mo fi ojú ìwé tó ní òdo yẹn há a, mo sì dúró títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń fi àga lọ̀ mí. Owó jáde nígbà tí òjò ti ń lọ, agbaṣẹ́ṣe sì dé nígbà ẹ̀rùn.

Òun náà kò mọ̀ pé oníirin lòún máa bá pàdé. Ìwé ìdíyelé ní irin 16 milimítà fún ìsàlẹ̀ àti 12 fún ẹ̀gbẹ́. Irin 10 milimítà ló já sílẹ̀. Mo mú ìwé dání, mo pe ẹnjiníà ìjọba, mo ní ẹ wọ̀n ọ́n níṣojú wa. Wọ́n kó o padà. Bàbá Ìbejì àti àwọn ọ̀dọ́ ń ka àpò sìmẹ́ńtì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń po kọnkéré, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wa kò sí níbẹ̀. Kọ́fátì náà dúró báyìí, ọkọ̀ tó gbé yanrìn ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Tí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, n kò ní fi oṣù kan ṣòfò lórí ìlà tí kò ní orúkọ ibì kankan. Ilé aṣòfin ni màá kọ́kọ́ lọ, kó tó di oṣù Kẹwàá, tèmi ti ìdíyelé ẹnjiníà. Tí ìṣúná bá jáde, n kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè pé èló ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èló ni wọ́n ti tú sílẹ̀ ni màá máa béèrè, ní gbogbo oṣù mẹ́ta, lórí ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Màá sì ti gba ìwé ìdíyelé kí iyanrìn àkọ́kọ́ tó já sílẹ̀, torí ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ kò ní mọ ohun tí wọ́n yọ.

Gọ́tà apá ọ̀tún nìkan ni owó náà ká. Ti apá òsì ti wà nínú àbá tí a mú lọ fún ìṣúná tó ń bọ̀, a kọ iye mítà rẹ̀ àti orúkọ òpópónà sí i, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Alhaji.