Ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú vape: ṣé olówó ńlá sàn ju àlòjùnù lọ?

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi lọ́jọ́ kan, òkú vape ni mo bá níbẹ̀, 31. (Vape ni sìgá oníná tó ń sọ omi tó ní nikotíìnì, èròjà inú tábà, di kùrukùru tí à ń fà.) Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn jẹ́ àlòjùnù, èyí tí èèyàn ń fà títí yóò fi tán. Mo kó wọn jọ síbẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé bátìrì wà nínú wọn, mi ò sì fẹ́ dà wọ́n mọ́ ìdọ̀tí ilé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà yẹn tí mo ti fi sìgá sílẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i, àmọ́ òkìtì yẹn kó ìrònú bá mi. Mo rí owó tó ti lọ níbẹ̀. Mo tún rí ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn: báwo ni nikotíìnì tí mo ń mu lóòjọ́ ṣe pọ̀ tó? Nígbà tí mo ń mu sìgá, mo máa ń kà á, mo mọ̀ pé igi 15 ni. Pẹ̀lú vape àlòjùnù, mi ò ka nǹkan kan mọ́.

Ẹni tí kò bá mu sìgá rí, kó má tìtorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀ vape o. Nikotíìnì ń di bárakú, kò sì sí vape tí kò léwu. Ohun tó mú kó sàn ju sìgá lọ fún ẹni tó ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí tábà tó ń jó nínú rẹ̀. Jíjó tábà ló ń mú ọ̀dà àti gáàsì olóró tó ń jẹ́ carbon monoxide jáde. Àwa tí a ti wà nínú rẹ̀, tí a ń wá ọ̀nà àtijáde, ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Mo bi wọ́n bóyá kí n kúkú ra ọ̀kan nínú àwọn vape olówó ńlá, kí n bọ́ lọ́wọ́ àràtúnrà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ kó ṣe fún ẹ? Tó ò bá tíì mọ ìyẹn, má rà á." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ṣètò. Mo pinnu pé ọ̀sẹ̀ 12 ni mo máa lò: mẹ́rin fún àlòjùnù bí mo ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, mẹ́rin fún ẹ̀rọ olówó ńlá, mẹ́rin fún ẹ̀rọ kékeré tí à ń rọ omi sí. Mo ra ìwé kan àti síríǹjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́ tí n ó máa fi wọn omi.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àlòjùnù. Ó rọrùn. Kò ní bọ́tìnnì, kò sí pé à ń rọ nǹkan kan. Bí èèyàn bá ti fà á, iná inú rẹ̀ tàn, kọ́ìlì (wáyà kékeré inú rẹ̀) gbóná, omi di kùrukùru. Adùn rẹ̀ kì í yí padà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nikotíìnì inú rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sí kó má baà máa ha ọ̀nà ọ̀fun, bó tilẹ̀ lágbára gan-an. Àìha-ọ̀fun yẹn gan-an ló mú mi. Sìgá máa ń dá èèyàn dúró fúnra rẹ̀: igi kan á tán, ọ̀fun á gbẹ. Èyí kò dá mi dúró níbì kankan. Mo ń fà á nígbà tí mo ń kàwé, nígbà tí mo ń dúró de ẹnì kan, kódà nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí ojú mi kò tíì là tán.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé yóò tó fífà 600. Mo fi ìlà ka mẹ́rin nínú wọn, kò sí èyí tó dé 400, nítorí èmi máa ń fà á pẹ́. Nítorí náà mo pa ọ̀rọ̀ fífà tì, mo gbájú mọ́ ohun tí kò lè yí padà: omi mílílítà 2, nikotíìnì mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé mílígíráàmù 40 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ 28, mo parí 26. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 26 lọ́nà 40 jẹ́ 1,040, tí a bá pín in sí ọjọ́ 28, ó lé díẹ̀ ní 37 lóòjọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ní iye kan tí mo lè tọ́ka sí. Mo kọ 37 gàdàgbà sí ojú ewé kan.

Lẹ́yìn náà ni mo ra èyí tó wọ́n. Ẹ̀rọ onírin ni, ó wúwo lọ́wọ́, ó ní ojú kékeré tó ń fi wáàtì hàn, bátìrì 18650 méjì ló ń lò. (Orúkọ bátìrì yẹn ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní 65.) Owó ẹ̀rọ náà nìkan ì bá ra àlòjùnù 12, tí a bá fi bátìrì àti ṣájà kún un, ó di 15.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo tú u sílẹ̀ tí mo fi ba kọ́ìlì àkọ́kọ́ jẹ́. Òwú ló wà nínú kọ́ìlì, òwú yẹn ló ń fa omi lọ síbi tó gbóná. Bí òwú kò bá tíì mu omi tẹ́rùn, òwú fúnra rẹ̀ ló máa jó. Mo rọ omi, mo tẹ bọ́tìnnì lójú ẹsẹ̀, adùn òwú jíjó bo gbogbo ẹnu mi títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ohun tó ń tún kọ́ìlì tó ti jó ṣe, ńṣe la máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kán omi díẹ̀ sórí òwú kí n tó de kọ́ìlì mọ́ ẹ̀rọ, màá rọ omi kún un, màá sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá wá bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì tó kéré jù nínú èyí tí wọ́n kọ sára kọ́ìlì, màá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ. Mo rọ omi onímílígíráàmù 20 tí mo ti ní nílé sínú rẹ̀. Kọ́ìlì 0.2 ohm ni (ohm la fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), wáàtì 60. Kùrukùru tí irú rẹ̀ ń mú jáde nínú fífà kan pọ̀ ju ti àlòjùnù lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Fífà mẹ́ta péré, orí mi ń yí, inú ń rìn mí, mo tutù sórí àga. Omi onímílígíráàmù 3 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, omi tó ki, tí VG inú rẹ̀ (glycerin, èròjà tó ń mú omi ki) tó 70 nínú 100. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti àlòjùnù kó jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n lò, ó dùn. Adùn rẹ̀ kún, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ooru. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìwé mi sọ: mílílítà 8 lóòjọ́. Ìgò mílílítà 10 kò lò ju ọjọ́ kan àti díẹ̀ lọ. Nikotíìnì rẹ̀ jẹ́ 24 lóòjọ́, ó wálẹ̀ láti 37, ìyẹn dára; àmọ́ omi tí ẹ̀dọ̀fóró mi ń gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Tí mo bá fi owó omi kún owó kọ́ìlì tí mò ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí mo ná lóṣù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àlòjùnù, mi ò tíì ka owó ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Bátìrì rẹ̀ náà tún jẹ́ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí lórí ìyẹn, wọn kò fi ṣeré. Awọ ọ̀rá tó wà lára bátìrì kò gbọdọ̀ ya. Èèyàn kò gbọdọ̀ jù ú sí àpò tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ wà, nítorí irin lè so orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kó gbiná mọ́ni lára. Inú ike tirẹ̀ ló ń gbé. Méjì tó bá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kó jọ máa ṣiṣẹ́ lọ. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n ń tún sọ, wọ́n sì ní kí n má ṣe fi í sẹ́nu ṣájà kí n lọ sùn. Mo gbà, ẹ̀gbọ́n, mo gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìkẹyìn ló yí ọ̀rọ̀ padà fún mi. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju ìka méjì lọ, owó rẹ̀ kò kọjá ti àlòjùnù mẹ́ta. Ó ń gba iná láti wáyà fóònù, à ń rọ omi sínú pọ́ọ̀dù rẹ̀ (ike kékeré tó ń gba omi), kọ́ìlì 0.8 ohm ló ní, fífà rẹ̀ sì há bíi ti sìgá. Omi tó bá a mu ni èyí tí PG (propylene glycol, tí kì í ki tó VG) àti VG inú rẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba, nítorí omi tó bá ki jù kò ní lè gba ojú ihò kékeré rẹ̀ dé ara òwú.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo lo omi onímílígíráàmù 20: mílílítà 2 lóòjọ́, ìyẹn 40. Mo ti padà síbi tí mo ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo po omi 20 àti omi 10 pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, ó di 15. Mo fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí n tó ṣe é, mo sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí nikotíìnì ń gba ara wọlé. Ìgò omi náà kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ṣe ọmọ kékeré léṣe. Ara mi mọ̀ pé mo ti dín in kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fà á léraléra, omi gòkè di mílílítà 2.3. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bọ́ sí 10, ó di 2.8. Ká ní mi ò ní ìwé ni, ẹ̀rù ì bá bà mí, mo lè sọ pé ìyípadà náà ń ba ayé mi jẹ́. Ṣùgbọ́n 2.3 lọ́nà 15 jẹ́ 34.5, 2.8 lọ́nà 10 sì jẹ́ 28. Ó ń wálẹ̀! Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, láìṣe nǹkan kan, omi padà sí 2.4. Mílígíráàmù 24. Iye kan náà tí mo ní pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kọ́ìlì rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo dán omi aládùn ṣúgà wò, ọjọ́ mẹ́rin ló lò kó tó dúdú, nítorí adùn yẹn ń jó mọ́ kọ́ìlì lára. Mo fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí bóyá olówó ńlá yẹ fún owó rẹ̀, màá ní ohun tí ẹnu ń tọ́ wò kò ju kọ́ìlì àti omi lọ. Irin tó ń dán, ojú tó ń tàn, wáàtì 200, kò sí èyí tó ń dé ẹnu nínú wọn. Ibi tó tọ́ kéèyàn náwó sí ni ẹ̀rọ tí kọ́ìlì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, tí kọ́ìlì náà kò sì ṣòro-ó rí, tó ń pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá gbóná jù tàbí tí wáyà bá kan ara wọn. Àti omi tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń mu vape ní Amẹ́ríkà ní 2019 pa èèyàn 68 títí di oṣù kejì 2020. Òróró kan tó ń jẹ́ Vitamin E acetate ni ohun pàtàkì tí wọ́n rí, inú omi vape tó ní igbó (cannabis) tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò lè gba omi lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀.

Àwọn ìjọba kan ti yanjú ọ̀rọ̀ àlòjùnù ní tiwọn: Bẹ́ljíọ̀mù fòfin dè é ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Bìrìtéènì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Nǹkan tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni bátìrì. Bátìrì lithium tó wà nínú àlòjùnù jẹ́ irú èyí tó ṣeé ṣájì léraléra. Àwọn olùwádìí ní University College London yọ ọ́ wò ní 2023, wọ́n rí i pé ó lè gba iná ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. A sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ nínú ọkọ̀ ìdọ̀tí, ó lè gbiná.

Mo da ti inú dúrọ́ọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ó jẹ́ 57. Mo fi téèpù lẹ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba òkú bátìrì. Ẹ̀rọ ńlá náà wà nínú páálí rẹ̀, mo ti yọ bátìrì rẹ̀. Ti kékeré ló wà lápò mi, omi onímílígíráàmù 6 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, mo sì ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mílílítà 2.1 ni ti àná: 12.6.