Bí Ẹ Ṣe Lè Gbá Bọ́ọ̀lù Láìkó Onígbáméjì

Ìgbà òjò ni onígbáméjì sábà máa ń jà, ìgbà òjò náà sì ni ọlidé gígùn máa ń bọ́ sí, tí ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò máa ń pọ̀ ní Òṣogbo. Bí ìjọba bá ti ní kí ìpéjọpọ̀ dúró, kò sí bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbá a, tí ẹ bá fi sọ́kàn pé ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé. Ìgbẹ́ tàbí èébì ẹni tó ní in ló ń ta sí omi, oúnjẹ tàbí ọwọ́, ibẹ̀ ló ti ń dé ẹnu ẹlòmíì. Ẹlòmíì á tiẹ̀ ní in lára láìmọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìfarakanra orí pápá ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù, ohun tí ẹ ń mu ní háàfù táìmù ni.

Ife kan ṣoṣo tí gbogbo tíìmù fi ń bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ sí mọ́. Kí oníkálukú gbé ike omi tirẹ̀ wá láti ilé, kó kọ orúkọ sí i lára. Bó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é: tó bá ti hó yaya, ẹ jẹ́ kó fi ìṣẹ́jú 1 hó sí i, kí ẹ wá dé e títí yóò fi tutù. Ẹ má fi yìnyín sí i. Òtútù kì í pa kòkòrò onígbáméjì, ẹ kò sì mọ irú omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín náà.

Píọ̀ wọ́tà ní ewu tirẹ̀. Omi inú rẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń mu ún: a ó mú un nínú báàfù tí yìnyín ti yọ́ sí, a ó fi eyín gé igun ọ̀rá, a ó tu èyí tó já dànù, a ó wá máa fà á. Gbogbo ohun tó wà lára ọ̀rá yẹn ti wọ ẹnu. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ara rẹ̀, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé e. Ọsàn tí wọ́n ti bó kalẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n omi sí lára, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọn ò tíì bó, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bó o.

Lórí pápá, kípà ni kí ẹ mójú tó jù. Òun ló ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù látinú ẹrẹ̀, eyín ló sì máa ń fi fa okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè le. Kí ẹlòmíì bá a dè é. Bí gọ́tà bá ti kún wọ pápá, ẹ má gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Fún ọwọ́ fífọ̀, èèyàn 30 tó ń lo ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta (ṣáájú eré, ní háàfù táìmù, lẹ́yìn eré), máa lo lítà 45. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó ní táàpù tó o. Ẹ so ọṣẹ mọ́ ọn nínú àwọ̀n, kí kálukú fi ìṣẹ́jú àáyá 20 fọ ọwọ́. Ẹ má gbé báàfù kan kalẹ̀ kí gbogbo èèyàn máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ẹni àkọ́kọ́ lẹ ń pín kiri yẹn.

Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wá, títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó dá. Kóòṣì gbọ́dọ̀ ti sọ fún wọn ṣáájú pé ẹni tó bá sọ òtítọ́ kò ní pàdánù àyè rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi pamọ́, pàápàá tí àṣekágbá bá kù dẹ̀dẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ: iṣan tó ń fà lè jẹ́ àmì onígbáméjì. Wọ́n á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n á máa na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá inú rẹ̀ ń ṣí. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, àrùn náà lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ja píọ̀ wọ́tà onísẹ̀ǹtílítà 50 méjì sínú ike tó mọ́, kí ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Kí ṣúgà má ga kọjá etí ṣíbí, kí iyọ̀ má sì ju ìdajì ṣíbí lọ, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún fún un. Ẹ má tìtorí pé ó ń mu ún kí ẹ dá a padà sílé.

Ibi tó bì sí, ẹ lé èèyàn kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ po jíìkì ife 1 mọ́ omi ife 6, ẹ dà á lé e lórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó kó o.

Kí akọ̀wé tíìmù máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ rẹfirí. Ó lè tó ọjọ́ 5 kí àìsàn náà tó hàn lára ẹni tó kó o, torí náà bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, kí akọ̀wé pe gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.