Ìgìníṣọ̀n àti ìnákúnàá: àwọn àṣìṣe tó ń bí mi nínú

Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó wọlé nítorí Ojúde Ọba, mọ́tò tó ti ń sùn lábẹ́ tapólì látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n á fẹ́ jí lójijì. Kò ní jí. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ títí, wọ́n á pe ẹni tó mọ mọ́tò díẹ̀ ládùúgbò, onítọ̀hún á ní, "Ìgìníṣọ̀n yín ló ti kú." Ìyẹn ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ láti fi sítáàtì mọ́tò, pẹ̀lú swíìṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó parí. Ọ̀nà Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò l'Ékòó, yá. Kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣágámù, páàtì tòkunbọ̀ ti wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn, owó sì ti wà lápò ẹni tó tà á.

Iṣẹ́ rìwáyà, ìyẹn títún wáyà àti iná mọ́tò ṣe, ni mò ń ṣe. Ìyàwó mi ní òórùn wáyà tó jóná ni tùràrí mi, kò sì parọ́. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ lónìí, torí owó tí ẹ ń sọ nù yìí ń dùn mí ju ẹ̀yin tí ẹ ni ín lọ. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di sukurudiráífà mú. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí fíùsì wà nínú mọ́tò rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ wá a.

1. Ríra páàtì kí ẹ tó wádìí

Púpọ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n ń wọ́ wá bá mi pé ìgìníṣọ̀n ló pa á, bátìrì ló ṣe é, tàbí orí bátìrì tó ti hu funfun, tàbí sítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó gbiná. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi ìsítáàtì. Bí iná bá wálẹ̀ tàbí tó kú pátá, tí ẹ sì gbọ́ "kọ́", ẹ lọ bá bátìrì. Mítà á sọ òótọ́ fún yín: bátìrì tó yó, tí mọ́tò sì wà ní pípa, máa ń fi nǹkan bíi volt 12.6 hàn. Tó bá ti wálẹ̀ dé 12, ebi ń pa á.

Bí iná bá dúró gbọin-gbọin tí nǹkan kan ò dún, ẹ fi jíà sí N, kí ẹ tún un yí. Bó bá sítáàtì ní N tó kọ̀ ní P, swíìṣì ara jíà, èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò sítáàtì àfi ní P tàbí N, lẹ ń wá. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹ fa handbrake dáadáa, ẹ fi tẹ́sítà kan wáyà tín-ín-rín tó wọ ìdí sítátà, kí ẹnì kan sì di kọ́kọ́rọ́ mú sí ibi ìsítáàtì. Tẹ́sítà tàn? Ìgìníṣọ̀n ti jíṣẹ́ tirẹ̀, sítátà ni kò gbọ́. Kò tàn? Ẹ máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: rìléè (swíìṣì tí iná ń tan dípò ọwọ́), swíìṣì jíà, lẹ́yìn náà ni ìgìníṣọ̀n.

Ìgìníṣọ̀n tó bàjẹ́ lóòótọ́ ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹ bá mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa kú, á máa tàn. Mọ́tò á sítáàtì, ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó kú. Tàbí kó ṣàdédé kú nínú kòtò, ẹ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó jí. Ìgbà tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ lè máa wá owó páàtì.

2. Pípe nǹkan méjì ní ọ̀kan

Ojú kọ́kọ́rọ́, ìyẹn irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, yàtọ̀ sí swíìṣì oníke tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgádágodo ni ti iwájú, ti ẹ̀yìn ló ń pín iná. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń há tàbí tó le láti yí, àgádágodo ni, tàbí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti jẹ. Bó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ àmọ́ tí iná ò dúró lójú kan, swíìṣì ni.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tó ń rìn lọ́dọ̀ wa, sukurú méjì péré ló di swíìṣì yìí mú. Ẹ yọ ike abẹ́ sitẹ́ríìnì, ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà, ẹ tú sukurú, ẹ fi tuntun síbẹ̀. Kò kan àgádágodo, kò sì kan kọ̀ǹpútà, torí orí kọ́kọ́rọ́ ni chip, nǹkan kékeré tí mọ́tò fi ń dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀, ń gbé. Honda fúnra wọn pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà ní 2002, Accord àti Civic wà lára wọn, nítorí ojú iná inú swíìṣì yìí tó ń jẹ, tí ẹ́ńjìnnì sì lè kú lórí ìrìn. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe iwájú.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi sí ilé iṣẹ́ atamọ́tò kan ní Èkó tó kọ bílì fún tíṣà kan láti Ìkẹ́nnẹ́: àgádágodo tuntun, kọ́kọ́rọ́ tuntun, owó kọ̀ǹpútà, owó iṣẹ́. Àǹtí náà ní kí n bá òun wò ó kí òun tó lọ yá owó. Kọ́kọ́rọ́ ò ṣe nǹkan kan. Swíìṣì ló jẹ. Ó rà á, mo fi sí i, ó fi èyí tó kù nínú owó rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Mi ò ní olè ni gbogbo wọn o. Odindi ló rọrùn fún wọn láti tà, torí kò sí ẹni tó máa padà wá jà lórí odindi.

3. Títú nǹkan nídìí sitẹ́ríìnì láìyọ bátìrì

Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì dúró díẹ̀, airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá, wà níbẹ̀. Toyota ní ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90.

4. Dída òróró sójú kọ́kọ́rọ́

Mo ti rí epo ẹ́ńjìnnì, mo ti rí òróró búréèkì, mo sì ti gbọ́ òórùn òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti fi dín àkàrà. Òróró ń kó eruku jọ, eruku pupa tiwa níbí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń bá ṣeré. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù pa eyín kọ́kọ́rọ́, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Pẹ́ńsùlù. Kò wọ́n.

Mo mọ̀ pé nọ́ńbà 5 ló kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀lì ti tó sọ, kò sì bá nọ́ńbà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Ọ̀gá Rìwáyà, ẹ kàn bá mi ṣe é ní dírẹ́ẹ̀tì," ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ohun tí ẹ ń pè ní dírẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n gé wáyà ìdí ìgìníṣọ̀n, kí wọ́n so ó mọ́ swíìṣì tí wọ́n fi ń tan gílóòbù yàrá, kí wọ́n wá fi bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ṣe ìsítáàtì. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀lì, mọ́tò jí. Inú yín dùn. Ẹ tiẹ̀ rò pé ẹ ti bá àwọn olówó tó ń tẹ bọ́tìnnì sítáàtì mọ́tò dọ́gba.

Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀lì fún ju kó sọ fún ará ilé pé àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà. Iná tí ìdí sítátà ń fà lójú wáyà tín-ín-rín yẹn, bí kò bá gba inú rìléè, máa ń ju ampere 10 lọ. Ojú bẹ́ẹ̀lì á jó, á lẹ̀ pọ̀, ẹ ó yọwọ́, sítátà á ṣì máa yí. Wáyà tí wọ́n lò ńkọ́? Wáyà sípíkà, láti orí bátìrì gbọnrangandan, kò sí fíùsì kankan lójú ọ̀nà. Ford tó mọ mọ́tò ṣe pe mọ́tò mílíọ̀nù 8.7 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní 1996, torí swíìṣì ìgìníṣọ̀n wọn lè ṣẹ́ná kí ó sì gbiná nídìí sitẹ́ríìnì. Ford nìyẹn o! Ẹ̀yin wá gbé wáyà sípíkà lé itan, ẹ ń wa mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lóru.

Ọ̀gá kan tó ń ta obì ní Sábó níbí ní Sienna tí wọ́n ti ṣe ní dírẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹni tó ṣe é ti fo swíìṣì jíà kọjá, jíà ò lè dá a dúró mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wà ní D lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, swíìṣì gílóòbù wà ní títàn. Ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré wọlé, ó rí bẹ́ẹ̀lì, ó tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọdé fi bẹ́ẹ̀lì ṣe? Sienna fò mọ́ apẹ̀rẹ̀ obì, ó lọ gbá ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sí èèyàn níwájú rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ má yọ bẹ́ẹ̀lì o, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Iná iwájú tó fọ́ nìkan ni kí ẹ bá mi wò." Èmi tí wọ́n ní ẹnu mi kì í sinmi, mo jókòó, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Títú u tún wá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Wáyà pupa, wáyà pupa, wáyà pupa, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì. Irin tó ń ti sitẹ́ríìnì pa, wọ́n ti fi ṣísẹ́ẹ̀lì fọ́ ọ, olè kan ì bá jókòó kó tẹ bẹ́ẹ̀lì kó sì máa lọ. Owó tí mo gbà láti dá wáyà padà sípò fi ìlọ́po ju owó swíìṣì tuntun lọ, mo sì tún ṣàánú rẹ̀.

Èyí tó tún ń múnú bí mi ni ìdì kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ti ilé, ti ilé abúlé, ti ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò, àti kíì hódà gbogbo òkú tí ẹ ti jẹ ní Ìjẹ̀bú láti ọdún yìí wá, pẹ̀lú fọ́tò olóògbé lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ sára swíìṣì kékeré kan. Ní 2014, General Motors pe mọ́tò bíi mílíọ̀nù 2.6 padà torí swíìṣì tí kò di kọ́kọ́rọ́ mú le tó. Ìwúwo ìdì kọ́kọ́rọ́ tàbí kòtò kan lè yí i kúrò ní ON, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ sí ACC, ibi tí rédíò àti irú rẹ̀ nìkan ti ń ṣiṣẹ́: ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré, sitẹ́ríìnì á le, airbag ò ní jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa san owó gbà-má-bínú tán, ikú èèyàn 124 ni wọ́n gbà pé ó tọwọ́ rẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn tó ni mọ́tò kí páàtì tó dé ni pé kí wọ́n bọ́ gbogbo nǹkan kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Fíùsì ampere 10 tó ń já, ẹ má fi ti 30 rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí lọ, sitẹ́ríìnì á tì pa.

Ibo wá ni kí ẹ ti sanwó láìjanpata? Ibi tí chip bá wà. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì àmọ́ tí kò gbiná, tàbí tó gbiná tó sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí àmì kọ́kọ́rọ́ sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò ò mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni. Bóyá ẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láìsí chip nínú rẹ̀. Kò sí ìgìníṣọ̀n Ládípọ̀ tó máa wo èyí sàn. Ẹ lọ bá atamọ́tò tàbí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ kọ́kọ́rọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ dání, wọ́n á béèrè. Bó bá jẹ́ àgádágodo lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ bi oníkọ́kọ́rọ́ bóyá ó lè kó eyín inú ti àtijọ́ sínú tuntun, kí kọ́kọ́rọ́ kan náà lè máa ṣí ilẹ̀kùn.

Bí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló bá kù lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe èkejì lọ́sẹ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́, owó èkejì ṣì ṣeé gbọ́ sétí.