Bí O Ṣe Máa Ṣọ́ Ẹ̀rọ Kíndìnrín Mọ́jú

Àbúrò mi, bí wọ́n bá fa aláìsàn tó wà lórí CRRT, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀ láìdúró, lé ọ lọ́wọ́ lálẹ́ òní, má tíì wo ojú ẹ̀rọ. Ká aṣọ kúrò lára rẹ̀, kí o fi ojú tọ rọ́bà láti ibi tó ti wọ ara títí dé ara ẹ̀rọ. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ICU, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ibẹ̀ ni mo ti ń bá èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ ń pariwo lé lórí.

Ìdí tí a fi ń lò ó kò ṣòro. Ẹni tó jẹ́ pé oògùn ló gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró kì í sábà lè fara da dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, oníwákàtí mẹ́rin tó máa fa omi rẹpẹtẹ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. CRRT ń fà á díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Nígbà tí Peter Kramer, dókítà ará Jámánì, gbé irú rẹ̀ jáde ní 1977, kò tilẹ̀ sí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀. Ọkàn aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú asẹ́ tó ń fọ̀ ọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tiwa bá ń ṣe fáàrí.

Dókítà ló máa sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀: potassium tí kò gbọ́ oògùn mọ́, ásíìdì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, omi tó kún ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹbí bá ń bi ọ́ pé kí ló ń dá dókítà dúró, fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ìwádìí STARRT-AKI tó jáde ní 2020, tó kó aláìsàn bíi 3,000 jọ, fi hàn pé títètè gbé wọn sórí ẹ̀rọ kò dín ikú kù.

Kí o tó so ó, fa ohun tí wọ́n fi dí ẹnu méjèèjì catheter, rọ́bà tó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, jáde. Má tì í sínú ara o, heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, fi sírínjì 20 mL fa ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá wá geere, so ó. Bó bá ń tàsé, pe dókítà: ibi tí ọwọ́ rẹ kò ti rí ẹ̀jẹ̀ fà, ẹ̀rọ náà kò ní rí i fà.

Nọ́ńbà pọ̀ lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni kí o máa kọ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Access ni agbára tí ẹ̀rọ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, abẹ́ òdo ló máa ń wà. Return ni agbára tó fi ń dá a padà. TMP ni ti inú asẹ́. Bí TMP bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, asẹ́ ti ń dí. Bí access tàbí return bá yí padà lójijì, rọ́bà ti tẹ̀, tàbí aláìsàn ń wúkọ́.

Ní òru kan, access mi bẹ̀rẹ̀ láti −90. Nígbà tó di aago méjìlá, ó ti di −140. Ní aago kan ó kọjá −200, ẹ̀rọ sì figbe ta. Mo pa ariwo, mo ní kó máa lọ. Ó tún dún. Mo tún pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta! N kò rò ó pé ní gbogbo ìgbà tó bá ti dún, ẹ̀jẹ̀ ń dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì dúró á dì. Kó tó di aago mẹ́rin, TMP ti kọjá 300, asẹ́ ti dúdú láti òkè, kò sì ṣeé dá ẹ̀jẹ̀ padà mọ́. Bíi 180 mL ni mo kó dànù, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ká aṣọ ni mo rí i: nígbà tí mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti ká orúnkún rẹ̀ sókè, catheter tó wà lókè itan sì tẹ̀ sí méjì. Kò fẹ́ ju kí n na ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìdúró báyìí náà ló ń jí ìtọ́jú. Ẹni tó wọn 80 kg, tí wọ́n kọ ìwọ̀n fífọ ẹ̀jẹ̀ 25 mL fún kìlò kan ní wákàtí, yẹ kó rí lítà 48 ní ọjọ́ kan. Bí ẹ̀rọ bá dúró fún wákàtí mẹ́fà, lítà 36 ló kù, ìyẹn bíi 19 mL fún kìlò kan ní wákàtí, kò sì tó 20 mL tó yẹ kó kéré jù.

Fún omi, ìṣirò ni. Bí oògùn àti oúnjẹ tó ń wọlé bá jẹ́ 200 mL ní wákàtí, tó ń tọ̀ 20 mL, tí dókítà sì fẹ́ kó pàdánù 100, 280 ni kí o ní kí ẹ̀rọ fà. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀, dá omi fífà dúró ná, kí o tó pe dókítà.

Citrate, tó ń so calcium mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú asẹ́, ni kí o fara balẹ̀ sí jù. Ẹ̀jẹ̀ méjì lo máa ń gbà fún àyẹ̀wò: calcium tẹ̀yìn asẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.25 sí 0.35 mmol/L, ti inú ara aláìsàn yóò wà ní bíi 1.0 sí 1.2. Kọ orúkọ sára sírínjì kí o tó fà á, torí bí o bá ṣì wọ́n gbé, oògùn tí kò yẹ lo máa fi kún. Bí ẹ̀rọ bá dúró pẹ́, dá calcium tí a ń fi sí ara aláìsàn láti dípò èyí tí citrate gbà náà dúró.

Ẹ̀rọ máa ń mú ara tutù, torí náà 36.5 lórí tẹmomítà kò ní kí ibà má sí lábẹ́ rẹ̀. Ó tún ń fọ phosphate, èròjà tí ara nílò, àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn jáde, bi dókítà bóyá ìwọ̀n oògùn náà tó. Asẹ́ kì í kọjá wákàtí 72, bó ti wù kó mọ́ tó.

Láàárọ̀, má jókòó sórí àga fa aláìsàn lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ẹ jọ ká aṣọ náà, kí òun náà fọwọ́ tọ rọ́bà, kí o sì fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe rìn láti alẹ́ hàn án.