Bátìrì Mọ́tò Oníná Tòkunbọ̀: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó So Ó Pọ̀

Ẹni tó ń dá oko ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn ní Kàbà tàbí Ìsánlú, tó ń fi sólà fa omi, mọ bí bátìrì olómi ṣe ń tètè rẹ̀wẹ̀sì. Bátìrì tí wọ́n tú lára mọ́tò oníná fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹni tó ń tà á á ní ó ti kú, pé kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Èyí tí mọ́tò kọ̀ sílẹ̀ ṣì lè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀.

Module, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn bátìrì kékeré tó para pọ̀ nínú àpótí bátìrì mọ́tò, tí wọ́n ti tú sọ́tọ̀ nìkan là ń sọ níbí. Odidi àpótí bátìrì mọ́tò oníná Nissan Leaf àkọ́kọ́ ní module 48, iná inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi fóltì 360. Ó ń pani. Ẹ má ṣí i nílé.

Kí ẹ tó sanwó

Module Leaf jẹ́ pẹlẹbẹ irin tó wúwo tó kílò mẹ́rin. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan tẹ igun rẹ̀. Bó bá ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ti wú. Ẹ má gbà á, kódà lọ́fẹ̀ẹ́.

Orí mẹ́ta ló ní. Ẹ fi mítà wọn láti orí àárín sí ọ̀tún, kí ẹ wọn sí òsì: kí iye méjèèjì bára mu. Bó bá kún, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ fóltì 8.4. Èyí tó ti wálẹ̀ kọjá 5, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sára rẹ̀, kí ẹ tún un wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó dá wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jò nínú.

Síso pọ̀

Bí a bá so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, fóltì kì í pọ̀ sí i. Bátìrì kàn ń pẹ́ kó tó tán ni. Ewu ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ fóltì láàárín wọn. Dúrọ́ọ̀mù méjì tí ẹ fi rọ́bà so nísàlẹ̀, tí ọ̀kan kún tí èkejì ṣófo, omi á ya wọ inú èyí tó ṣófo. Iná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, rọ́bà tirẹ̀ sì fẹ̀ gan-an: ìyàtọ̀ ìdajì fóltì péré lè rán ampíà 100 gba inú wáyà.

Nítorí náà, ẹ so nẹ́gétíìfù pọ̀, kí ẹ wá fi gílóòbù iwájú mọ́tò, oní fóltì 12, sáàárín pósítíìfù méjèèjì. Ó lè má tàn rárá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bí ìyàtọ̀ bá ti wà lábẹ́ fóltì 0.05, ẹ lè yọ gílóòbù kí ẹ so ó tààrà. Bí ìyàtọ̀ bá ju fóltì kan lọ, èyí tó kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ dá ṣájì.

Ẹ bọ́ òrùka àti aago. Ẹ wé tépù mọ́ ọwọ́ súpánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹnu súpánà 10 mi ti jẹ, níbi tó ti kan orí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Kí module kọ̀ọ̀kan ní fíùsì tirẹ̀. Wáyà tó ń jáde, kí pósítíìfù ti etí kan bọ́ síta, kí nẹ́gétíìfù sì ti etí kejì, kí ti iwájú má baà máa dá ru ẹrù. Títò wọ́n ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé kí fóltì lè tó ti ínfátà, pẹ̀lú BMS (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì kó má kún jù tàbí kó tán jù), iṣẹ́ rewáyà tó mọ̀ ọ́n ni. Ṣájà bátìrì olómi kò bá a mu.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Kì í ṣe yàrá tí ẹ ń sùn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpò kaṣú tàbí jálá epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, lábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Abẹ́ páànù lóṣù Kẹta ti gbóná jù. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò, kí ẹ má fa èéfín náà símú. Omi púpọ̀ láti òkèèrè ló ń tù ú. Bí iná bá ti kú, ẹ má tíì sún mọ́ ọn: ó lè tún gbaná lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.