Ẹ Má Tíì Sáré Ra Bátìrì Tuntun

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, tó kàn ń dún tà-tà-tà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan á ti ra tuntun kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀sẹ̀ ò sì ní parí tí ọkọ̀ á tún fi máa dún tà-tà-tà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Alternator tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún bátìrì níná. Bí alternator bá ti dákẹ́, kò sí bátìrì tó máa pẹ́ nínú ọkọ̀ náà, ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí.

Ríra nǹkan láìwọ̀n ọ́n wò ni olórí àṣìṣe. Mítà kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò ti tó: ẹ yí i sí DC 20, pupa sórí pọ́sítíìfù, dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù. Àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ọkọ̀, ló dáa jù, torí bátìrì tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró máa ń purọ́ pé òun kún. 12.6 fólítì, ó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí kò bá tó 12, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ṣáàjì, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan bá yín yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ti ń wo mítà. Bí bátìrì tó ti kún bá já wá sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà, mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ń yí, á jẹ́ pé bátìrì ló ti rẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, 13.8 sí 14.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá dúró sí 12, tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná ò wọlé. Tó bá kọjá 15, iná ti pọ̀ jù: á máa hó omi bátìrì gbẹ, á máa jó gílóòbù, ẹ sì lè máa gbóòórùn ẹyin tó bàjẹ́. (Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan wà tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń dín iná kù fúnra rẹ̀, ẹ tan iná iwájú àti AC kẹ́ ẹ tó dájọ́.)

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí i rí: rìwáyà á ṣáná sí ọkọ̀, á yọ orí kan, á ní bí ọkọ̀ ò bá ti kú, alternator dáa. Bátìrì yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣàdédé ru sókè mì. Lọ́gán tí wọ́n bá yọ ọ́, iná alternator lè fò kọjá 40 fólítì kí régúlétọ̀ tó ń ṣàkóso iná náà tó rí i mú. Dáyọ́ọ̀dù inú alternator, tó ń sọ iná rẹ̀ di DC tí bátìrì lè gbà, lè jó, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) náà lè bá a lọ, owó brain box kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ owó alternator. Àyẹ̀wò náà gan-an ò sọ òótọ́: alternator tí dáyọ́ọ̀dù rẹ̀ kan ti jó ṣì lè gbé ẹ́ńjìnnì dúró, kó má lè kún bátìrì. Ẹ kàn sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi mítà wò ó.”

Orí bátìrì àti wáyà ni kì í gbówó lórí, òun lèèyàn kì í sì í wò. Kíkan ìṣó sí orí bátìrì tàbí fífi òkúta lù ú kó lè di mú á jẹ́ kí ọkọ̀ jí lónìí, á sì sán bátìrì lọ́la. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń fọ ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù sórí bátìrì kúrò. Nẹ́gẹ́tíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ wo wáyà tó ti nẹ́gẹ́tíìfù lọ sára ẹ́ńjìnnì náà: ẹ fi ẹnu mítà kan nẹ́gẹ́tíìfù, ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí sítátà. Tó bá kọjá 0.5 fólítì, wáyà yẹn ló ń jẹ iná yín.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, síbẹ̀ tí bátìrì ń kú mọ́jú, nǹkan kan ń fa iná lóru: tírákà, áláàmù, rédíò tí wọ́n so kọlọkọlọ. Ẹ fọwọ́ kan alternator láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, dáyọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ń jò.

Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bátìrì. Ó ń sọ pé iná ò wọlé. Ẹ wo bẹ́líìtì ná, bóyá ó ti dẹ̀. Alternator tókùnbọ̀ náà ò pọn dandan ní gbogbo ìgbà: kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó ń gbé iná sára ibi tó ń yí, tó ti jẹ tán, lè jẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣe é.

Omi bátìrì tó lọ sílẹ̀, omi dísítíìlì ni kẹ́ ẹ fi kún un, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ ẹlòmíràn jọ́mpù, ẹ má fi wáyà dúdú ìkẹyìn sórí bátìrì tó kú. Irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí i ni kó gbé, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì máa ń gbiná. Bí ọkọ̀ bá sì ti jí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ni kẹ́ ẹ darí sí. Alternator tí ẹ bá ní kó kún bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán pátápátá lè gbóná jó.